Ohun tó ń mú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ilé oúnjẹ Ṣáínà wúwo, àti bó ṣe ń fúyẹ́ nínú ìkòkò ilé

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn ilé oúnjẹ Ṣáínà máa ń dì sínú ike fún oníbàárà, èyí tó dùn tó sì tún kan, tí ọbẹ̀ pupa rẹ̀ ń dán gbinrin, Guangdong ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà ló ti wá. Gu lou yuk ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Sweet and sour ni àwa mọ̀ ọ́n sí. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yó ní Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ lè máa gbọ́ ọ nínú títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́: ikùn á wú, òùngbẹ á sì máa gbẹ ẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ọ̀rá ara ẹran wà níbẹ̀, òróró tí ìyẹ̀fun ara rẹ̀ mu wà níbẹ̀, ṣúgà inú ọbẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Òùngbẹ yẹn, iyọ̀ inú sọ́ọ̀sì sóyà ló fà á.

Àwọn tó fẹ́ kó fúyẹ́ sábà máa ń dín òróró kù, wọ́n á dín ṣúgà kù, ó parí. Ohun tí wọ́n á bá nínú ìkòkò ni ẹran tó le, tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, nínú omi tòmátò tó kan gógó. Ohun tó fa èyí ni pé olúkúlùkù nǹkan wọ̀nyẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ìkòkò. Tí wọ́n bá lé òróró lọ, ta ni yóò bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òróró, torí òun ni èèyàn máa ń ṣì mọ̀ jù. Ìró ṣááá tí àkàrà máa ń dún nínú agbada, omi ló ń dún bẹ́ẹ̀. Òróró tó gbóná tó 175°C ń sọ omi ara àkàrà di ooru, ooru yẹn sì ń tú jáde pẹ̀lú agbára. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń tú jáde, ó ń ti òróró sẹ́yìn, òróró kò ráyè wọlé púpọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́ tán ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ara rẹ̀ ń tutù, ooru tó kù nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀ á padà di omi, ihò á ṣófo, á sì fa òróró tó kù lójú rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí àkàrà tí wọ́n kó jọ sínú abọ́ fi ń lọ́ràá ju èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dà sórí asẹ́ lọ. Bákan náà ló rí fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ilé oúnjẹ, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun tó nípọn bò, tí wọ́n sì sábà máa ń dín lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹ̀fun tó nípọn ní ihò púpọ̀. Ihò púpọ̀ sì ni àyè púpọ̀ fún òróró.

Nínú ìkòkò ilé, wọ́n á dín ìyẹ̀fun kù, wọn ò sì ní rì ẹran sínú òróró. Ṣíbí ìjẹun 2 péré ti tó fún ìdajì kílò ẹran. Òróró ṣíbí kan ní nǹkan bí kálórì 120, nítorí náà 240 ni gbogbo rẹ̀. Tí èèyàn mẹ́rin bá jọ jẹ ẹ́, 60 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Òróró tó máa ṣẹ́ kù lójú ẹran láti fà wọlé nígbà tó bá ń tutù kò sì ní pọ̀.

Ẹran tó bá èyí mu ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀, tí kò lọ́ràá púpọ̀. Ẹran itan náà dára, tí wọ́n bá ti ha ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò. Ẹran ikùn, tí ọ̀rá àti ẹran to léra wọn, dùn lóòótọ́ lórí ẹyin iná, àmọ́ kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè dá sí i tó máa fúyẹ́. Ní Ìbàdàn, àwọn alápatà màlúù ní ọjà Bódìjà kì í sábà ta ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sìn ín tàbí ilé ẹran dídì ni wọ́n ti ń rà á. Ibi yòówù kó jẹ́, kí wọ́n la ojú wo inú ẹran náà dáadáa. Tí wọ́n bá rí kókó funfun olómi, tó tó hóró ìrẹsì tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ọmọ aràn Taenia solium lè jẹ́, kí wọ́n dá a padà. Aràn yìí ń gbé inú ìfun ènìyàn, tí ẹyin rẹ̀ bá sì wọ ẹnu èèyàn, ọmọ tó bá jáde nínú rẹ̀ lè dé ọpọlọ kó fa gìrì. Èyí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú fò.

Nínú agboolé tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń jẹun, bí ọ̀pọ̀ agboolé Ìbàdàn ṣe rí, àyà adìyẹ ló yẹ kí wọ́n fi sè é. Gbogbo ìgbésẹ̀ yòókù ò yí padà.

Ẹran tí kò lọ́ràá máa ń tètè gbẹ, torí náà ó nílò ìrànlọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé e kaná. Ojú ọ̀bẹ ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́: kí wọ́n gé ìlà iṣan rẹ̀ ní ìbú, kì í ṣe ní òró, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́. Iṣan tó kúrú kò ní le lẹ́nu. Tí iná bá wà, kí ẹran wà nínú firísà fún ìdajì wákàtí kí ara rẹ̀ lè dì díẹ̀, ọ̀bẹ á sì máa gé e bí ó ṣe yẹ.

Ìrànlọ́wọ́ kejì ni baking soda, kì í ṣe baking powder. Ẹni tó ti fi káún se ẹ̀wà rí ti mọ̀ pé ohun tó bá jọ káún máa ń mú nǹkan tètè rọ̀. Baking soda ń ṣe ohun tó jọ ọ́ fún ẹran: kì í jẹ́ kí èròjà pùrótéènì inú rẹ̀ fún pọ̀ jù nígbà tí iná bá mú un, omi ara ẹran á sì dúró síbẹ̀. Ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré kan ló tó fún ìdajì kílò. Wọ́n á pò ó mọ́ ọn, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á sì fi aṣọ tó mọ́ nù ún gbẹ. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹran á máa ta ọṣẹ lẹ́nu. Káún fúnra rẹ̀ kò yẹ níbí, torí adùn rẹ̀ máa ń hàn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí ìjẹun kan, atalẹ̀ àti ààyù tí wọ́n gún rà á, wọ́n á sì wọ́n sítáàṣì àgbàdo ṣíbí 2 lé e lórí. Èyí ni lẹ́búlẹ́bú funfun tí wọ́n ń pè ní corn flour lọ́jà. Kì í ṣe àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ń ro tùwó. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ náà lè ṣe é, kódà ó máa ń fà díẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n fẹ́ kó wà lójú ẹran bí ìyẹ̀fun ojú àtẹ ni, kò gbọdọ̀ bò ó bí búrẹ́dì.

Iná ló kù, iná náà ló sì ń ṣòro jù. Ara ẹran kò ní pọ́n, òórùn dídùn yẹn kò sì ní jáde, àfi tí ojú rẹ̀ bá gbóná tó nǹkan bí 140°C. Omi ò lè gbóná ju 100°C lọ nínú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀. Níbi tí omi bá wà, bíbọ̀ ni ẹran ń bọ̀, kì í ṣe dídín. Ẹran tutù tí wọ́n dà sínú páànù tó kéré lẹ́ẹ̀kan náà á tú omi sílẹ̀, páànù á tutù, ẹran á wá máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ara rẹ̀. Iná ilé oúnjẹ lágbára púpọ̀ ju gáàsì kékeré tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa lọ. Ohun tí iná kò ṣe, sùúrù ni yóò ṣe é. Kí wọ́n jẹ́ kí páànù irin gbóná títí kí òróró tó wọ̀ ọ́. Agbada tí wọ́n fi ń dín àkàrà, tí ìdí rẹ̀ ṣe róbótó, bá iṣẹ́ yìí mu gan-an, ó sì jọ ìkòkò àwọn ará Ṣáínà. Kí wọ́n pín ẹran sí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n tò ó láìjẹ́ kó gun ara wọn, kí wọ́n má sì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Nígbà tó bá ti pọ́n, á dá ara rẹ̀ sílẹ̀ lára páànù. Kí wọ́n yí i, kó jinná dé inú láìsí pupa kankan, kí wọ́n wá kó o sórí asẹ́.

Ọbẹ̀ ló kù. Ọ̀pọ̀ ìlànà sísè rẹ̀ ń fi ìdá mẹ́rin ife ṣúgà sí i, àwọn mìíràn a tó ìdajì ife. Ṣúgà yẹn ń bá kíkan fínígà jà, ó sì ń mú ọbẹ̀ dán. Omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n fún, ìdajì ife, lè ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó ní ṣúgà tirẹ̀ nínú, àmọ́ tí wọ́n bá fi kún un, ṣúgà ṣíbí ìjẹun kan ti tó fún ìkòkò odidi. Kíkan tòmátò agolo ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ti se ọbẹ̀ ata ní Ìbàdàn mọ ìdáhùn rẹ̀: wọ́n á dín in. Ṣíbí 2 tòmátò agolo tí wọ́n dín pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tàtàṣé títí àwọ̀ rẹ̀ fi dúdú díẹ̀ á dùn láìsí ṣúgà kankan. Lẹ́yìn náà ni omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó, fínígà ṣíbí 2 àti sọ́ọ̀sì sóyà ìdajì ṣíbí á wọlé. Sọ́ọ̀sì sóyà ṣíbí kan ní nǹkan bí mílígíráàmù sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) 900, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí àgbàlagbà má jẹ tó 2,000 lóòjọ́. Torí náà magí kò ní àyè nínú ọbẹ̀ yìí. Ata rodo kan tí wọ́n là sí méjì kò ba nǹkan jẹ́. Kì í ṣe ti Guangdong, ti Ìbàdàn ni.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ò gbọdọ̀ bá ẹran tútù gbé pọ̀ títí, torí ó ní èròjà kan tó ń fọ́ ẹran di jàgbàjàgbà. Iná ń pa agbára èròjà náà, nítorí náà inú ọbẹ̀ tó ti hó ni kó wọ̀.

Dídán, sítáàṣì ló ń bá ṣúgà ṣe é. Ẹni tó ti ro ẹ̀kọ rí ti rí i lójú ara rẹ̀: ògì funfun tó ń ṣàn bí omi, nígbà tí ooru mú un, hóró sítáàṣì inú rẹ̀ mu omi, ó wú, ó di gẹ́lẹ́, ó sì ń dán. Òfin ẹ̀kọ náà ni òfin ọbẹ̀ yìí. Omi tútù ni wọ́n fi ń po sítáàṣì ṣíbí kékeré kan, torí omi gbóná á sọ ọ́ di kókó. Wọ́n á máa rò ó bí wọ́n ṣe ń dà á. Ìgbẹ̀yìn ló ń wọlé, kó sì hó fún ìṣẹ́jú kan péré, torí fínígà ń já sítáàṣì tó bá pẹ́ lórí iná, ọbẹ̀ á sì padà di omi. Itọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣíbí tí wọ́n ti fi tọ́ ọ wò kò gbọdọ̀ padà sínú ìkòkò.

Kárọ́ọ̀tì, ata tútù aláwọ̀ ewé àti kábéèjì lè tó ìdajì ohun tó wà nínú abọ́, kí wọ́n ṣì máa dún kẹ́kẹ́ lẹ́nu. Ẹran ò ní bá ọbẹ̀ pàdé àfi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, torí ara rẹ̀ tó gbẹ á rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n kó ẹran sọ́tọ̀, ọbẹ̀ sọ́tọ̀, kó sì dé inú fíríìjì láàárín wákàtí 2. Lọ́jọ́ kejì, páànù gbígbẹ ni kí wọ́n fi gbé ẹran gbóná, láìfi òróró kún un.