Kí Ló Dé Tí Èrò Tuntun Fi Ń Sá fún Ẹni Tó Jókòó Tì Í?

Ìbéèrè: Mo lè jókòó sídìí tábìlì fún wákàtí kan gbáko kí n máa wá ọ̀nà tuntun, ohun kan náà ni yóò máa sọ sí mi lọ́kàn. Bí mo bá dìde rìn díẹ̀, èrò á máa rọ́ wá. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìrònú: kíkó èrò jọ, àti ṣíṣà wọ́n. Ọ̀pọ̀ wa ń ṣe méjèèjì pọ̀. Èrò kan ò tíì délẹ̀ tán tí a ti dá a lẹ́bi, èyí tó kàn á sì takú. Lọ́dún 2014, Marily Oppezzo àti Daniel Schwartz ní Yunifásítì Stanford rí i pé àwọn tó ń rìn ronú kan ìlò tuntun fún ohun èlò ojoojúmọ́ ju àwọn tó jókòó lọ, kódà nígbà tí wọ́n ń rìn lójú kan lórí ẹ̀rọ, tí wọ́n dojú kọ ògiri. Ṣùgbọ́n níbi ìbéèrè tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ìrìn ò ṣe wọ́n láǹfààní. Ẹ rìn láti kó jọ. Ẹ jókòó láti ṣà.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe é lójoojúmọ́?

Ìdáhùn: Ìṣẹ́jú 15 tó. Ẹ kọ́kọ́ kọ ìṣòro náà ní gbólóhùn kan tó ṣe pàtó. "Báwo ni mo ṣe lè túbọ̀ já fáfá?" ti gbòòrò jù. "Báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọmọ ọdún 8 ní ìṣirò láìfọwọ́ kan pẹ́ẹ̀nì?" ló ṣeé mú. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 10, kí fóònù wà lápò, ẹ má fi nǹkan kan sétí. Bí ẹ bá ti dé, ẹ kọ ìdáhùn 10, ẹ má pa ìkankan rẹ́. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣà á. Ẹyọ kan péré ni kí ẹ mú, kí ẹ sì dán an wò ní kékeré lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìbéèrè: Èrò mi máa ń gbẹ tó bá ti di ìkẹfà. Ṣé kí n dúró níbẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá o! Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ti wà nílẹ̀ nínú ìrántí ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ẹlòmíràn á sì ti ronú kàn án. Àwọn olùwádìí méjì, Brian Lucas àti Loran Nordgren, fi hàn lọ́dún 2020 pé àwa èèyàn máa ń rò pé èrò wa ń burú sí i bí a ṣe ń bá a lọ, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: ó lè dúró bó ṣe wà, ó sì lè dára sí i. Tó bá gbẹ, ẹ yí nǹkan kan padà: ẹ yọ ohun èlò tó ṣe pàtàkì jù kúrò, ẹ gé àkókò sí ìdajì, tàbí kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn nínú ìrònú yín. Èyí tó dà bí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ẹ kọ òun náà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Bí a bá pọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Kí oníkálùkù dá kọ tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 ná. Ẹni tó ń retí kí ọ̀rọ̀ kàn án kì í rí àyè ronú.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní dáa kí n kọ́kọ́ wo bí àwọn mìíràn ṣe ṣe é?

Ìdáhùn: Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Lọ́dún 1991, àwọn olùwádìí David Jansson àti Steven Smith fi àpẹẹrẹ àwòrán ohun èlò kan han àwọn ẹnjiníà kí wọ́n tó ya tiwọn. Àbùkù inú àpẹẹrẹ náà pàápàá ni wọ́n dà kọ. Ẹ kọ tiyín pé 10 ná, lẹ́yìn náà kí ẹ wá lọ wo tàwọn yòókù.