Àrùn Graves: ìtọ́jú mẹ́ta ló wà, ẹ bi dókítà yín nípa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta

"Ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú, mà." Mo gbé bébà kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ obìnrin oníṣòwò náà, bébà ń gbọ̀n rìrì. Ó ti rù, kò rí oorun sùn, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ẹyinjú rẹ̀ sì ti ń yọ síta. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Graves ni: àwọn ọmọ ogun ara ló kọjú ìjà sí táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tó rí bíi labalábá níwájú ọ̀fun, tí wọ́n ń mú un ṣiṣẹ́ àṣejù.

Kí n tó kọ oògùn, ọ̀rọ̀ ilé ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ bímọ? Ṣé owó oògùn á máa wà lóṣooṣù?

Carbimazole, oògùn tó ń dín iṣẹ́ táírọ́ìdì kù, la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, fún oṣù 12 sí 18. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó lò ó parí ni àrùn náà tún máa ń padà bá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ara yín bá gbóná tí ọ̀fun ń dùn yín lásìkò tí ẹ ń lò ó, ẹ má lọ ra oògùn ibà. Ẹ dá carbimazole dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè run sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì ń pani.

Ìkejì ni radioactive iodine, tí wọ́n ń gbé mì, tó ń pa táírọ́ìdì díẹ̀díẹ̀. Aláboyún àti abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́yàn kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ó tún lè mú kí ojú tó ń yọ burú sí i, ìdí nìyẹn tí n kò fi dábàá rẹ̀ fún obìnrin yìí.

Iṣẹ́ abẹ ló yẹ gẹ̀gẹ̀ ńlá tó ń fún ọ̀fun. Ẹ béèrè bí oníṣẹ́ abẹ náà ṣe ń ṣe é tó lọ́dún, torí iṣan ohùn wà nítòsí ibẹ̀, ẹni tó ń polówó ọjà kò sì lè fi ohùn ṣeré. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tàbí iodine, ọ̀pọ̀ ló máa ń lo levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò ohun tí táírọ́ìdì ń pèsè, lójoojúmọ́ títí ayé, kí oúnjẹ tó kan ẹnu láàárọ̀.

Carbimazole ló mú, torí ó ṣì fẹ́ ọmọ kan sí i. "Bí oyún bá dé ńkọ́, dókítà?"

Mo ní kó tó dé ni kó ti sọ fún mi, torí carbimazole lè ṣe ọmọ léṣe lóṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. A máa ní láti fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.