Bí Fíìmù Ọ̀rẹ́ Ìgbà Èwe Ṣe Ń Sọ Ẹ̀rín Di Ẹkún

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo fíìmù nípa ọmọdé méjì tí wọ́n jọ dàgbà, tí ikú wá mú ọ̀kan lọ, dúró lé. Òǹwòran ti fura láti ìbẹ̀rẹ̀ pé eré náà ò ní pẹ́. Síbẹ̀, á rẹ́rìn-ín fún bíi wákàtí kan, kí omi tó gba ojú rẹ̀. Inú ẹ̀rín yẹn gan-an ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹkún sí.

Ká ní Àkúrẹ́ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ọmọ ọdún 10 ni àwọn méjèèjì, bàbá ọ̀kan sì ní oko kòkó lọ́nà Ìdànrè. Wọ́n yọ́ wọ oko, wọ́n fi òkúta fọ́ kòkó kan, wọ́n pín in lọ́gbọọgba, wọ́n jókòó sídìí igi, wọ́n ń pọ́n hóró rẹ̀ lá. Bàbá ká wọn mọ́ ibẹ̀. Inú bí i, torí ara funfun dídùn tó bo hóró yẹn ló ń jẹ́ kí hóró náà kan dáadáa nígbà tí wọ́n bá fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ 5 sí 7, kí wọ́n tó sá a sóòrùn. Ó lé wọn. Sílípáàsì ọ̀kan já, èkejì ń fi ẹnu tó kún fún hóró kòkó bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rín ń pa òǹwòran, kò sì mọ̀ pé ààbọ̀ kòkó méjì àti ìdí igi yẹn ti wọ òun lọ́kàn.

Ibi tí ikú ti wọlé ló gba ọgbọ́n jù. Òkú ọ̀fọ̀ ni òkú ọmọdé nílẹ̀ Yorùbá. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí ijó. Wọ́n á tètè sin ín, òbí kì í sì í fẹ́ mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n lè sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kékeré pé ó rìnrìn àjò ni. Nítorí náà, olùdarí tó mọṣẹ́ kì í gbé kámẹ́rà lọ síbi ìsìnkú. Á jẹ́ kí ọmọ náà gba ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yẹn gbọ́, kó máa súfèé lábẹ́ fèrèsé ọ̀rẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà nínú ilé. Súfèé dún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àtẹ. Lẹ́yìn náà, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Lev Kuleshov, olùdarí fíìmù ará Rọ́ṣíà, ti dán irú èyí wò ní nǹkan bí ọdún 100 sẹ́yìn. Ó to ojú òṣèrékùnrin kan tẹ̀lé abọ́ ọbẹ̀, ó tún to ojú kan náà tẹ̀lé òkú tó wà nínú pósí. Pudovkin, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, sọ pé àwọn òǹwòran ń yin òṣèré náà fún bó ṣe ronú lórí ọbẹ̀ náà àti bó ṣe ṣọ̀fọ̀ òkú náà, bẹ́ẹ̀ ojú náà ò yí padà. Òǹwòran ló fi ìbànújẹ́ tirẹ̀ kún un. Òṣèré tó bá ń ké, tó ń yí mọ́lẹ̀, ti gba iṣẹ́ yẹn ṣe mọ́ òǹwòran lọ́wọ́.

Wọn kì í sábà ya ìtàn náà bó ṣe tẹ̀ léra. Gbogbo ohun tó bá jẹ mọ́ oko ni wọ́n ń yà pọ̀, nígbà tí kòkó bá pọ́n lórí igi, bíi láti oṣù kẹwàá. Ẹni tó ń to fíìmù ló máa tò ó padà. Ọmọ tí wọ́n ti ya ikú rẹ̀ lánàá lè máa sáré lóko lónìí. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún ọmọdé òṣèré pé nǹkan ṣe ìyá rẹ̀, torí kí ó lè sunkún. Ìwà ìkà ni.

Nígbà tí ìtàn bá fo ọdún 20, àgbàlagbà òṣèré á gba ipò ọmọdé. Ojú wọn ò ní láti jọra. Èjí tàbí fífa etí bí ọ̀rọ̀ bá sú u ti tó. Ọkùnrin náà padà sóko, ó fọ́ kòkó kan, ó pín in lọ́gbọọgba. Kò sí orin. Ó pọ́n tirẹ̀ lá. Ààbọ̀ kejì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èèrà ti ń bọ̀ wá bò ó.