Kọ̀ǹpútà tuntun tó ń há: ẹ má tíì fọ́máàtì ẹ̀

Ní Òṣogbo níbí, láti Ọlá-Ìyá dé Ìgbọ̀nà, bí ẹni tó ra ẹ̀yà kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ tò ó, bá ní ó ń há, ohun tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Fáírọ́ọ̀sì ni. Gbé e wá ká fọ́máàtì ẹ̀." Wọ́n á fọ́máàtì, ìyẹn ni pé wọ́n á nu díìsìkì ẹ̀, wọ́n á tún gbé Windows sí i, wọ́n á gbowó. Kò ní pẹ́ tí máọ́ọ̀sì á tún dì sójú kan, tí kíbọ́ọ̀dù ò ní dáhùn mọ́. Ó máa ń dùn mí, torí owó tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù tù jọ ló wà nínú ẹ̀rọ yẹn.

Fáírọ́ọ̀sì wà o, díráfà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lo ẹ̀yà ẹ̀rọ) tí kò bára mu náà sì lè mú Windows há. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ fáírọ́ọ̀sì, páásíwọ́ọ̀dù yín tàbí owó yín ló sábà ń wá. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ló wúlò fún un. Inú díìsìkì ló sì sábà máa ń fara pamọ́ sí. Ibẹ̀ gan-an la ti lè dá ẹjọ́ náà. Ẹ lo kọ̀ǹpútà mìíràn láti gbé MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) wò, sórí fláàṣì, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì fi fláàṣì yẹn tan ẹ̀rọ yín. Windows ò tiẹ̀ ní jí. Bí ẹ̀rọ bá há níbẹ̀, tàbí tí àṣìṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú ẹ̀, fọ́máàtì ò lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kó yí ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó máa ń yí pé. Ó lè gba wákàtí púpọ̀ bí RAM bá tóbi, torí náà ẹ dúró de ìgbà tí iná bá fara balẹ̀. Bó bá lọ láàárín, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù.

Kí ló wá dé tí fọ́máàtì fi máa ń jọ pé ó wò ó sàn? Windows tuntun kì í lo RAM púpọ̀, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé apá ibi tó bàjẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí géèmù ńlá, tàbí tí ẹ ń to fídíò ìgbéyàwó pọ̀, ó dé nìyẹn. RAM tó ń ṣìnà tiẹ̀ lè ba fáìlì Windows tuntun ọ̀hún jẹ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e sí i lọ́wọ́.

"Ṣebí tuntun ni gbogbo ẹ̀?" Tuntun kọ́ ni kò lálèébù. Lọ́dún 2024, Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), fẹnu ara ẹ̀ gbà pé àwọn kan nínú processor kọ̀ǹpútà orí tábìlì ìran 13 àti 14 òun ń mú ẹ̀rọ há. Ó fi ọdún 2 kún wáráńtì wọn, ó sì gbé àtúnṣe jáde tó ń gba inú BIOS (ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń kọ́kọ́ jí kí Windows tó jí) wọlé.

Nínú èyí tí èèyàn fọwọ́ tò, RAM ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù (pátákó tí àwọn ẹ̀yà ń jókòó lé) tó ní ihò RAM mẹ́rin, ihò kejì àti ìkẹrin, téèyàn bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ processor, ni RAM méjì ń lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ìkọ́ á fi dún. Bí wọ́n bá kọ 3600 sí i lára, XMP, ètò ìmúyára RAM tó wà nínú BIOS, ló ń mú un sáré tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pa XMP, kí ẹ wò ó bóyá híhá náà á dáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ ìdí géèmù nìkan ló ti ń kú, ẹ wo ooru àti power supply, àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ. Ẹ yọ kúlà tó ń mú processor tutù wò: ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ lè ṣì wà níbẹ̀.

Tí MemTest86 bá rí àṣìṣe, ẹ fi RAM dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì gbé èyí tó bàjẹ́ padà fún ẹni tó tà á kí wáráńtì tó tán.