Eegun apá ọmọ ṣẹ́, báńdéèjì lásán ni wọ́n fi wé e: ṣé ó tó?

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọmọ ọdún 7, já bọ́ lórí igi máńgòrò ní Ìgbógbó. Ẹ́síréè ní eegun rẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀ lókè ọrùn ọwọ́, ó rún ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn ò fi píópì sí i, báńdéèjì ni. Ìyá mi ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Eegun ọmọdé ṣì rọ̀ bí ẹ̀ka igi tútù. Bí ọmọ bá ṣubú, tó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, eegun lè má dá sí méjì. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ á kàn rún, á yọ gọ̀ńgọ̀ bí ara agolo mílíìkì tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò kúrò ní ipò rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa tò. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ọmọ 965 ní Ìlú Ọba, tó jáde ní 2022, ìrora àwọn tí wọ́n fi báńdéèjì wé àti ti àwọn tí wọ́n fi ohun líle dè kò yàtọ̀ lọ́jọ́ kẹta.

Ìbéèrè: Ìrora ńkọ́?

Ìdáhùn: Parasítámọ̀, mílígíráàmù 15 fún kílò kan. Ọmọ tó wọn kílò 20 á lo mílígíráàmù 300 lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn mílílítà 12 nínú olómi tí mílílítà 5 rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 125. Ẹ ka ara ìgò, torí wọn kì í dọ́gba. Ó kéré tán, wákàtí 4 láàárín. Kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ lójúmọ́.

Ìbéèrè: Kí ló burú nínú kí àwọn tó ń to eegun fi ọparun dì í?

Ìdáhùn: Ìdì tó le ni ẹ̀rù ibẹ̀. Apá tó ṣẹ́ máa ń wú sí i ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, okùn tó rọ̀ lọ́sàn-án á fún un pa lóru. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá ráyè kọjá, láàárín wákàtí mélòó kan ẹran apá á bẹ̀rẹ̀ sí kú, ìka á ká kò títí ayé, wọ́n sì lè gé ọwọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ Màmá dáadáa. Kò sì sí pé à ń fi àdín gbígbóná wọ́ ọ.

Báńdéèjì pàápàá lè fún jù. Ẹ tẹ èékánná ọmọ títí á fi funfun, ẹ wá tú u sílẹ̀: ó yẹ kó pọ́n padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tí ìka tutù, tó kú tipiri, tàbí tí ọmọ ké nígbà tẹ́ ẹ na ìka rẹ̀, ẹ tú báńdéèjì lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí Jẹ́nẹ́rà, bó tilẹ̀ jẹ́ òru.

Ìbéèrè: Ìgbà wo la ó tú u?

Ìdáhùn: Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ lè tú u fún ìwẹ̀. Kò nílò ẹ́síréè mìíràn, ṣùgbọ́n kó má gbá bọ́ọ̀lù, kó má sì gun igi títí ọ̀sẹ̀ 6 á fi pé.

Ìbéèrè: Ṣé bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo apá tó ṣẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Èyí tó tẹ̀, tó sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí igi tútù, píópì ló máa ń gbà, bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Èyí tó wọ́ lójú, tó bẹ́ awọ, tàbí tó jẹ́ ìgbọ̀nwọ́, ọsibítù ni lọ́jọ́ náà gan-an.