Bí máòsì àti kíbọ́ọ̀dù bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tàn, àwòrán wà lójú rẹ̀ gbagada, ṣùgbọ́n ọfà máòsì kò kúrò lójú kan. Ẹ tẹ kíbọ́ọ̀dù títí, lẹ́tà kankan kò jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó ti ọwọ́ bọ àpò, a ó lọ ra máòsì tuntun. Tuntun náà á dákẹ́ bíi ti àtijọ́, ariwo á wá bẹ̀rẹ̀ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa.

Bí máòsì nìkan ló dákẹ́, ó yẹ kí a fura sí máòsì. Bí kíbọ́ọ̀dù nìkan ni, ó lè jẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó dà sí i lánàá ló fà á. Ṣùgbọ́n kí nǹkan méjì tí wáyà wọn yàtọ̀ síra bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ná, kí ẹ wo ohun tí wọ́n jọ ń lò: ojú USB tí a kì wọ́n bọ̀, iná tó ń bọ́ wọn, chip tó ń gbọ́ tiwọn lórí motherboard (pátákó ńlá inú àpótí tí ohun gbogbo so mọ́), driver tó wà nínú Windows (ètò kékeré tó ń jẹ́ kí Windows lè bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀), àti Windows fúnra rẹ̀, ètò àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú wọn ló da iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí USB ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tẹ A, kíbọ́ọ̀dù kì í kọ A sójú kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà ló fi ń ránṣẹ́. 4 ni nọ́ńbà A nínú ìlànà USB, 5 ni ti B, 6 ni ti C. Kì í sì í ránṣẹ́ nígbà tó bá wù ú. Bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì láàárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ṣe ń pe gbogbo ohun tí a kì bọ ojú USB rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwọ ńkọ́, ṣé o ní ohun tí o fẹ́ sọ? Ẹni tí wọn kò bá pè kò gbọdọ̀ dáhùn. Ọ̀pọ̀ máòsì ni kọ̀ǹpútà ń pè nígbà 125 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí ẹni tó ń pè bá dákẹ́, tàbí tí kò sí ẹni tí yóò fi èsì náà ṣe nǹkan kan, máòsì tí ara rẹ̀ le koko kò ní lè mú ọfà kúrò lójú kan.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà kò ná ni ní kọ́bọ̀. Ẹ tẹ Caps Lock, kí ẹ wo iná rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kíbọ́ọ̀dù ló ń tan iná yẹn fúnra rẹ̀. Rárá o. Tí ẹ bá tẹ Caps Lock, kíbọ́ọ̀dù á ránṣẹ́ sí Windows pé wọ́n tẹ̀ mí níbí; Windows á gbà á, á sì ránṣẹ́ padà pé kí ó tan iná. Ìgbà náà ni iná tó tàn. Iná kékeré yẹn jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ lọ, iṣẹ́ sì bọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí ó bá ń tàn tó ń kú, ọ̀nà dára, Windows sì wà láàyè. Ètò tí ẹ ń lò ló há, tàbí kí ó jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló dì. Bí iná náà bá dúró lójú kan, yálà ó tàn ni tàbí ó kú, ọ̀nà ti já tàbí Windows ti dì pátápátá. Àwọn kíbọ́ọ̀dù aláìníwáyà kan kò ní iná yìí rárá, nítorí náà ẹ má fi tiwọn dájọ́. Iná pupa tó wà lábẹ́ máòsì kò sì tó ẹ̀rí: iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń fi hàn, kò sọ bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́ ọ.

Bí iná Caps Lock bá dáhùn, ẹ tẹ Ctrl, Alt àti Delete pọ̀, kí ẹ sì ní sùúrù díẹ̀. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣì dúró bí àwòrán ara ògiri, lórí Windows 10 àti 11 ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀. Ojú rẹ̀ á ṣẹ́jú fìrí, nítorí pé ẹ ti ní kí driver àwòrán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lákọ̀tun. Ètò tí ẹ ṣí kò ní pa.

Bí iná náà kò bá dáhùn ńkọ́? Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí a fi ń tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan, ní wàrà, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Ẹ má dì í mú. Bí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ láti kú, tàbí tó lọ sùn, a jẹ́ pé Windows ń gbọ́ràn. Ọ̀nà máòsì àti kíbọ́ọ̀dù nìkan ló já. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, òun gan-an ló dì. Ẹ kọ́kọ́ wo iná kékeré tó wà níwájú àpótí rẹ̀, èyí tó ń ṣẹ́jú bí dísìkì bá ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń ṣẹ́jú láìdúró, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí) kéré, tí ẹ sì ṣí ogójì ojú ewé lórí rẹ̀, lè pẹ́ kí ó tó mí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó lè di bọ́tìnnì náà mú títí tí yóò fi kú. Iṣẹ́ tí ẹ kò tíì fi pamọ́ á lọ, kò sí àbùjá níbẹ̀. Àwọn kan ní káfẹ́ máa ń fa wáyà UPS yọ láti yanjú rẹ̀, àwọn mìíràn á sì jókòó máa retí kí NEPA bá wọn pa á. Bọ́tìnnì yẹn náà ni kí ẹ lò.

Ká sọ pé ọ̀nà ló já. Ibi tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ẹ̀yìn àpótí. Ojú USB tó wà níwájú kò sí lára motherboard. Wáyà tín-ín-rín kan ló gba inú àpótí lọ so wọ́n pọ̀, wáyà yẹn sì lè tú. Àwọn ti ẹ̀yìn ni wọ́n jó mọ́ motherboard tààrà. Ẹ kó máòsì àti kíbọ́ọ̀dù lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo ohun yòókù: flash, modem, wáyà ìtẹ̀wé, fóònù tí ẹnì kan ń chájì. Ojú USB 2.0 kò gbọdọ̀ gbé iná ju mílíámpíà 500 lọ, ojú USB 3.0 sì ń gbé 900. Bí ẹ bá wá fi ẹ̀rọ olójú mẹ́rin tí kò ní iná tirẹ̀ pín ojú kan ṣoṣo, tí dísìkì àfigbé àti fóònù sì wà lórí rẹ̀, ebi ni yóò pa máòsì. Flash tí irin ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀ sì lè mú kí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ dákẹ́ pẹ̀lú.

Nígbà mìíràn, chip tó ń pe orúkọ ló há, kò sì ní tú àyàfi tí iná bá kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ ti rí i rí pé kọ̀ǹpútà kú tán, síbẹ̀ iná máòsì ń tàn lábẹ́. Kò ṣàjèjì: bí wáyà kọ̀ǹpútà bá ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná díẹ̀ ń dé motherboard. Nítorí náà ẹ pa á, ẹ fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri tàbí UPS, ẹ di bọ́tìnnì ìtàn mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, kí ẹ tó dá wáyà padà. Mo ti rí i tí ìyẹn nìkan yanjú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fẹ́ torí rẹ̀ tú àpótí palẹ̀. Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí pípa lásán ṣe ìwòsàn: láti ìgbà Windows 8 tó jáde ní 2012, Shut down kì í sábà pa Windows tán. Ó ń fi apá kan rẹ̀ pamọ́ sórí dísìkì kó lè yára tàn lọ́la, àléébù á sì bá a jí. Restart ló ń bẹ̀rẹ̀ ohun gbogbo láti ìpilẹ̀.

Bí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ yín bá ní ihò róbótó méjì lẹ́yìn, ọ̀kan aláwọ̀ àlùkò fún kíbọ́ọ̀dù, ọ̀kan aláwọ̀ ewé fún máòsì, PS/2 nìyẹn, tí IBM mú jáde ní 1987. Òun kì í ṣe USB. Bí ẹ bá kì nǹkan bọ̀ ọ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà ti tàn, kò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ pa á ná. Ẹ má sì fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá driver ló fa wàhálà ni pé kí ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì máa tẹ Delete tàbí F2 lemọ́lemọ́ (F10 ni fún àwọn kan) títí ojú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, yóò fi ṣí. Windows kò tíì dé ibẹ̀ rárá. Bí kíbọ́ọ̀dù bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tó wá dákẹ́ bí Windows ṣe wọlé, ara wáyà dá, ara ojú USB dá, Windows ni kò mọ bí yóò ṣe bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ fi Windows 7 sórí kọ̀ǹpútà tuntun nìyẹn. Windows 7 jáde ní 2009 láìní driver USB 3.0 nínú. Nígbà tí Intel, iléeṣẹ́ tó ń ṣe chip, wá mú ìran kẹfà àwọn chip Core rẹ̀ jáde ní 2015, tí ó sì yọ ẹ̀rọ USB àtijọ́ kúrò, àwọn ènìyàn wọ̀nyí á dé ojú ìwé àkọ́kọ́ ibi tí wọ́n ti ń yan èdè, ọwọ́ kò ní lè ṣe nǹkan kan mọ́.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 2025 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Update tí Microsoft fi ránṣẹ́ sí Windows 11 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, KB5066835, pa máòsì àti kíbọ́ọ̀dù USB lẹ́nu mọ́ ní ibi tí a ti ń tún Windows ṣe nígbà tó bá kọ̀ láti tàn. Nínú Windows gangan, wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà ọ̀pọ̀ kò mọ̀ títí wàhálà fi dé. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà ni KB5070773 dé láti tún un ṣe. Ẹni tó ní kíbọ́ọ̀dù PS/2 nílé kò bá wọn jìyà.

Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ṣì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, ẹ lè tún driver ṣe fúnra yín. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú X, kí ẹ wá tẹ M. Device Manager, àkójọ àwọn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń lò, á ṣí. Ẹ wá orúkọ èyí tó dákẹ́, ẹ yọ ọ́, kí ẹ ṣe Restart. Windows á tún un fi sípò. Bí máòsì ló kú, ẹ tẹ Alt àti Shift ọwọ́ òsì pọ̀ mọ́ Num Lock, kí ẹ fara mọ́ ìbéèrè tó bá jáde. Àwọn nọ́ńbà ọwọ́ ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù á máa darí ọfà. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń gbé ni dé ibi tí à ń lọ.

Kíbọ́ọ̀dù nìkan tún ní ẹjọ́ kan tí kì í ṣe àìsàn rárá. Bí Shift ọwọ́ ọ̀tún bá wà ní títẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 8, bóyá ìwé ló sùn lé e tàbí ọmọdé ló ń fi ṣeré, Windows á béèrè bóyá kí ó tan Filter Keys. Ẹni tí kò kà á á tẹ Yes. Láti ìgbà náà, kíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ títẹ̀ wàrà. Ó di kí ẹ tẹ bọ́tìnnì kan kí ẹ sì dúró lé e lórí. Iná Caps Lock pàápàá kò ní dáhùn ní kíá. Ẹ tún di Shift ọ̀tún náà mú fún ìṣẹ́jú àáyá 8, á kúrò.

Àwọn aláìníwáyà ló lè tako ohun tí mo sọ lókè, nítorí pé USB kékeré kan ṣoṣo ló sábà ń gbọ́ ti méjèèjì. Bí òun bá kú, méjèèjì kú. Ẹ pààrọ̀ bátìrì ná. Bí kò bá yí padà, ẹ wo ibi tí USB kékeré náà wà: orí ìgbì rédíò 2.4 GHz ló ti ń sọ̀rọ̀, Intel fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ síta ní 2012 pé USB 3.0 ń da ariwo sí agbègbè yẹn. Ẹ gbé e jìnnà sí dísìkì àfigbé, ẹ fi wáyà ìfàgùn kúkúrú fà á wá sórí tábìlì, kí irin àpótí má bàa dí i lójú.

Bí kíbọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn bá dákẹ́ ní ojú BIOS yín, lórí gbogbo ojú USB, lẹ́yìn tí ẹ ti fa iná yọ pátápátá, ó ti di ti ẹnjiníà. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un: iná wo ló tàn, ojú wo ni ẹ dán wò. Bí ó bá sì ní motherboard ni kí ẹ pààrọ̀, ẹ bi í bóyá káàdì USB tí wọ́n ń kì bọ inú àpótí kò ní tó. Owó rẹ̀ kò tó ti motherboard rárá. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń wọ Windows fúnra rẹ̀, tó sì jẹ́ pé chip USB nìkan ló kú, káàdì yẹn sábà máa ń tó.