JUCO: kí ló gbé agbábọ́ọ̀lù yìí débẹ̀?

Bí ẹ bá ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ẹ ó ti gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹnì kan ní "ọmọ JUCO". Junior college ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì. Ẹni tó ti gba ND ní pólì kó tó fi Direct Entry wọ yunifásítì ti mọ ọ̀nà náà: ọdún kan tàbí méjì níbì kan, wọ́n á ka kírẹ́díìtì rẹ sí ọ lọ́wọ́, o di yunifásítì. Ti Amẹ́ríkà yìí kàn fi bọ́ọ̀lù kún un ni. Kóòṣì yunifásítì ló sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń yẹ ọmọ náà wò bóyá ó tó mú.

NJCAA ni àjọ tó ń darí eré ìdárayá nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀, láti 1938. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ìpele kìíní lè san owó ilé-ìwé, ilé gbígbé àti oúnjẹ fún agbábọ́ọ̀lù. Ìpele kẹta kì í tìtorí eré ìdárayá fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. California ní àjọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, òun náà kì í fúnni. Láti 1949 ni ìdíje àṣekágbá àwọn ọkùnrin ìpele kìíní ti fìdí kalẹ̀ sí Hutchinson ní Kansas, ìlú kan tí ìwakùsà iyọ̀ sọ di olókìkí. Àwọn kóòṣì tó ń wá ọmọ máa ń ya lọ síbẹ̀.

Kí wọ́n tó bèèrè iye àmì tí ọmọ kan ń kó, ìbéèrè kan wà tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ: kí ló gbé e débẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ pé èsì girama rẹ̀ kò tó ohun tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ń béèrè. Ó lè jẹ́ pé ojú kò tètè rí i. Ó lè ti wọ yunifásítì ńlá rí, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ó fi sú u, kó wá padà sí JUCO láti tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Irú wọn ni wọ́n ń pè ní bounceback. Òmíràn sì ti òkèèrè dé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló rí ọ̀nà tààrà tí Hakeem Olajuwon rí ní 1980, tó fi kúrò l'Ékòó tó sì bọ́ sí yunifásítì Houston láìyà níbì kankan.

Ẹ wo Larry Johnson. Kò sẹ́ni tó ní òun ò mọ̀ ọ́n nígbà tó wà ní girama ní Texas. Síbẹ̀ Odessa College ló lọ, ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú NJCAA lọ́dún méjèèjì tó lò níbẹ̀, ó bọ́ sí UNLV, yunifásítì kan ní Las Vegas, wọ́n sì na yunifásítì Duke 103 sí 73 ní àṣekágbá 1990. Spud Webb ńkọ́? Gíga rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì méje, kò sì wu ọ̀pọ̀ kóòṣì. Ó gba ife JUCO pẹ̀lú Midland College ní 1982 kí North Carolina State tó mú un. Àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ JUCO, ṣùgbọ́n ohun tó gbé ọ̀kan débẹ̀ kọ́ ló gbé èkejì débẹ̀, ojú kan náà kọ́ ló sì yẹ kí kóòṣì fi wò wọ́n.

Ká wá sọ ti nọ́ńbà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ká ní ọmọ kan ń kó àmì 20 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ìgbà 19 ló ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kó tó kó wọn. Ọmọ kejì ń kó 13, ìgbà 8 péré ló ń jù ú. Ẹ pín in wò: àmì kan ó lé díẹ̀ ni ti ẹni àkọ́kọ́ ní jíjù kan, ti ẹnì kejì ju àmì kan àbọ̀ lọ. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ni yóò jáde nínú ìròyìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní yunifásítì kò sẹ́ni tí yóò fún un ní jíjù 19. Bóyá wọ́n á fún un ní méje. Kí ni yóò máa ṣe nígbà tí bọ́ọ̀lù ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀?

Jimmy Butler kó bí àmì 18 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan ní Tyler Junior College. Nígbà tó dé yunifásítì Marquette ní 2008, ó já sí 5.6. Ẹni tó bá ti ka 18 yẹn sí ìlérí á ti máa pariwo pé wọ́n ta ọjà tí kò dáa fóun. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 14.7, èyí tó kẹ́yìn, 15.7; ní 2011, wọ́n mú un wọ NBA ní ipò 30. Buzz Williams ló jẹ́ kóòṣì rẹ̀ níbẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan, Navarro College, lòun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó mọ adùn àti ìkorò ọjà náà.

Bó bá jẹ́ èmi ni kóòṣì, jíjù ọ̀fẹ́, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí alátakò bá ṣẹ̀, ni màá kọ́kọ́ wò. Ọmọ tó wọlé 20 nínú jíjù alámì mẹ́ta 50 dà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Bí jíjù ọ̀fẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún, mo fura. Níbi jíjù ọ̀fẹ́, kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí i lójú; ọwọ́ rẹ̀ nìkan là ń wò, jíjù alámì mẹ́ta 50 yẹn sì kéré jù láti fi dájọ́.

Lẹ́yìn náà, fídíò. Kì í ṣe èyí tí wọ́n gé kìkì ibi tó dùn sí, ìdíje odindi ni, pàápàá èyí tí wọ́n fìyà jẹ wọ́n. Ẹ wá ibi tó ti sọ bọ́ọ̀lù nù, kí ẹ má wo bọ́ọ̀lù mọ́, òun ni kí ẹ tẹjú mọ́. Ṣé ó sáré padà láti dí ọ̀nà, àbí ó nawọ́ sókè sí rẹfirí, tó ń rìn bọ̀ bí ẹni ń lọ sóde àríyá? Mo rò pé ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún yẹn wúlò ju ojú ewé nọ́ńbà kan lọ.

Ẹ̀kọ́ ìwé náà kò ṣeé fojú fò. Jae Crowder lo ọdún kan ní South Georgia Technical College kó tó hàn pé kírẹ́díìtì ibẹ̀ kò ní gbé e dé yunifásítì ńlá. Ó kó lọ sí Howard College ní Texas, wọ́n gba ife ní 2010, Marquette mú òun náà; ní 2012 ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Big East, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí Marquette wà nínú rẹ̀. Ká ní kò tètè mọ̀ ńkọ́?

Ó tún ku ìṣirò ọdún. Ohun tí wọ́n ń lò tipẹ́ ni pé ọdún márùn-ún lo ní láti fi gbá sáà mẹ́rin, sáà JUCO sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá lo méjì níbẹ̀, méjì ló kù fún kóòṣì tuntun. Ní oṣù Kejìlá 2024, adájọ́ kan ní Tennessee dá Diego Pavia, ọmọ JUCO tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún yunifásítì Vanderbilt nígbà náà, láre lórí ọ̀rọ̀ kíka sáà JUCO yìí, NCAA sì yọ̀ǹda ọdún kan sí i fún àwọn tó wà nírú ipò rẹ̀. Ọjọ́ orí náà ń bẹ níbẹ̀: ẹni ọdún 21 tó ń gbo ọmọ ọdún 18 mọ́lẹ̀ kò tíì fi nǹkan kan hàn. Àwa tí a ti gbọ́ "ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù" kúkú mọ ìyẹn.

Láti 2021 tí agbábọ́ọ̀lù ti lè ti yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn láìdúró ọdún kan ni ọjà JUCO ti le sí i. Àyè agbábọ́ọ̀lù 15 ni ẹgbẹ́ ní lábẹ́ ìlànà 2025, kóòṣì púpọ̀ sì ń fẹ́ ẹni tó ti kó àmì 7 ní yunifásítì ju ẹni tó kó 17 ní JUCO lọ. Èmi ò ní yára gbà bẹ́ẹ̀. Bí sáà mẹ́ta bá ṣì kù fún ọmọ JUCO náà, tí jíjù ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì dára, mo fẹ́ kọ́kọ́ rí fídíò òun ná.